Ààyè Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Salimat

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin

Amatullah, ìyàwó Yakub ọmọ mi, ní kí n máa sọ̀rọ̀, òun á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní bí mo bá ń sọ ohun tó wà nínú mi síta, bóyá mi ò ní máa bú tẹlifíṣọ̀n mọ́. Mo ní tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ bú mi.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kan wà ní Jámánì tó ń jẹ́ Ilé Wa. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, ìwọ̀nba ni wọ́n. Wọ́n á dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa pín bébà, àwọn èèyàn á máa kọjá lára wọn bí ẹni ń kọjá lára àpò ìdọ̀tí. Lónìí mo rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan dúró níwájú, ó wọ kóòtù tó dáa, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tó ń sọ ò ju pé kí àlejò máa lọ sílé. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un bíi pé ó bọ́ wọn yó.

Ọmọ mi Salimat wà ní ìlú kékeré kan níbẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ òyìnbó àti Eli ọmọ wọn. Ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀. Ó lọ wẹ ọmọ, kò bọ̀.

Àwòrán tòní ti wọlé. Horst, bàbá ọkọ Salimat, ló máa ń fi ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ti bomi rin òdòdó orí sàréè. Kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Òdòdó funfun ti yọ. Mo wò ó, mo ṣe àdúà fún ìyàwó mi, mo mu ẹ̀kọ.

Eruku òdòdó igi bo gbogbo ọkọ̀ tó wà ní àdúgbò wa ní Amẹ́ríkà níbí, ó pọ́n bí gàrí olépo. Ojú ń yún mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Tahir gbé mi lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí West End. Tahir ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò, ará Ọ̀ffà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí kò bá gbé mi, mi ò níbi tí mò ń lọ, nítorí ní Lawrenceville yìí ẹni tí kò bá wa ọkọ̀, bí ẹlẹ́wọ̀n ló rí.

A padà dé, Salimat pè mí lórí fídíò. Ó ń rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ń sọ pé Eli ti mọ bí wọ́n ṣe ń gun àga. Àwọn àwòrán ìbò ńlá ti ẹgbẹ́ Ilé Wa wà lára òpó iná lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí ojú kan tí mo mọ̀.

Mo ní, "Dúró."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Padà sẹ́yìn díẹ̀."

"Bàbá mi, òtútù ń mú mi o."

"Mo ní kí o padà."

Kò padà. Ó gbé fóònù wálẹ̀, bàtà rẹ̀ ni mo ń wò. Mo ní, "Salimat, ṣé Horst kọ́ nìyẹn?" Ó ní kí n jẹ́ kí òun délé ná.

Amatullah ní ó lè jẹ́ ẹlòmíì tó jọ ọ́. Kọ ọ́ pé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ irunmú yẹn. Mo jókòó tì í lórí àga kan náà títí òtútù fi dé, lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi.

Sátidé, ọjọ́ kejìlá

Òun ni. Salimat ti jẹ́wọ́. Ó ti wọ ẹgbẹ́ Ilé Wa láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì ti fà á kalẹ̀ fún ìgbìmọ̀ ìlú, nítorí káfíńtà ni, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìdajì ilẹ̀kùn ìlú yẹn òun ló kàn án. Bàbá Eli, ọkọ Salimat, kò tíì tẹsẹ̀ bọ ilé bàbá rẹ̀ láti ìgbà náà. Gbogbo wọn mọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n fi í pamọ́ fún.

"A fẹ́ dáàbò bò yín ni, Bàbá."

"Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ojú mi?"

Jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ Salimat ní Ìwó, ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún wa bó ṣe yẹ. Horst bi wọ́n pé kí ni ìyẹn. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Òun náà bá lọ sílẹ̀, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún àti kóòtù tó wọ̀ nínú oòrùn yẹn. Ọkùnrin mẹ́ta ló fà á dìde. Ó wá ní kí ọmọ òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi, pé mo ti fún òun lọ́mọ, ohunkóhun tí mo bá béèrè lọ́wọ́ òun láyé, òun ò ní kọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ni bíríkìlà Ìwó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ káfíńtà Jámánì.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, òun ló lọ bá àwọn onítẹ́ òkú. Ó gba ààyè méjì ní igun àwọn Mùsùlùmí, ó fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á, nítorí èmi ò gbédè wọn, Salimat sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún mi. Ní apá kejì ààyè tèmi, sàréè ọmọbìnrin kékeré kan ló wà, ọmọ Síríà. Horst gbẹ́ pákó orí sàréè. Èmi to bíríkì yí i ká. A ò sọ̀rọ̀. A ṣiṣẹ́.

Òun náà ló wà lórí òpó iná báyìí, tó ń ní kí àlejò máa lọ.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò jẹun. Kí wọ́n má bi mí.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Àwòrán Horst wọlé bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Òdòdó ti tó ọwọ́ ọmọdé. Mo ní kí Amatullah pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ó pa á rẹ́.

Mo pe Salimat. Mo ní, "Sọ fún àna mi pé kó má fọwọ́ kan sàréè ìyàwó mi mọ́. Omi rẹ̀ àti òdòdó rẹ̀, kó gbé wọn lọ síbi ìpàdé wọn."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi níṣẹ́ yìí."

"Ta ni kí n rán?"

"Ilé ọkọ ni mo wà o, Bàbá."

"Ọkọ rẹ náà kì í bá a sọ̀rọ̀."

"Ọkọ mi lè bá bàbá ẹ̀ jà. Ọmọ ẹ̀ ni. Èmi ńkọ́?"

Mo ní kó jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an. Ó ní òun ti gbọ́. Alẹ́ wọn kò tíì lẹ́ tó fi lọ jẹ́ ẹ.

Àtàlátà, ọjọ́ kejìlélógún

Yakub ọmọ mi ti ròyìn fún Tahir. Tahir kò jẹ́ kí n de bẹ́líìtì ọkọ̀ tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Yakub, ẹ ti ṣì í ṣe."

"Wo iwájú rẹ."

"Mò ń wò ó. Níbo ni wọ́n ti ń rán ọmọ ẹni lọ bú bàbá ọkọ ẹ̀? Ẹ ní ìjà pẹ̀lú àna, ẹ wá àgbà kan sáàárín. Ẹ fi ọmọ yín ṣe igi tí ẹ fi ń na àna yín. Tí igi yẹn bá ṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó yẹ kí o máa ṣe wáàsí, kí o fi ọkọ̀ sílẹ̀."

"Wọn ò ní san owó epo fún mi níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò sọ fún un pé òótọ́ ni. Amatullah, má ka èyí fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún

Kò sí àwòrán. Èyí kọ́ ni Jímọ̀ àkọ́kọ́. Èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kan sàréè mọ́, síbẹ̀ mo gbé fóònù sórí itan títí ilẹ̀ fi ṣú.

Òjò oníyìnyín rọ̀ níbí, ó lu òrùlé ọkọ̀ Yakub. Ẹyin adìyẹ ṣì wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrin

Mo ní kí Salimat lọ wo sàréè ìyá rẹ̀. Ó ní òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tó ti pẹ́, kí n má retí òdòdó kankan. Ó débẹ̀, ó pè mí. Òdòdó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ rin.

"Horst ni?"

"Rárá. Wọ́n ní ẹ ti kọ̀ fún àwọn, àwọn ò dé'bẹ̀ mọ́."

"Ta wá ni?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Amatullah ka ìlérí àwọn ẹgbẹ́ Ilé Wa fún mi, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ìlú yẹn bí wọ́n bá wọlé. Wọ́n fẹ́ tún ọ̀nà ṣe. Wọ́n fẹ́ ti ilé tí àwọn tó sá fún ogun ń gbé. Wọn ò sì ní gba òkú Mùsùlùmí kankan mọ́ sí ibi ìsìnkú ìlú. Àwọn tó wà níbẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì kú, kó lọ wá ibòmíì kú sí.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ibẹ̀ ni ààyè mi wà.

Yakub ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Conyers dé, iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí. Ó ní, "Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí shift ni, ẹ jẹ́ kí n sùn. Ṣé ẹ ti fẹ́ kú ni?"

Mo ní, "Ìwọ lò ń bi mí? Lọ sùn."

Ohun tí ọmọ yìí ò mọ̀ ni pé ìyàwó mi kì í lè sùn bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣófo. Bí mo bá lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú míì, ó máa ń gbé ìrọ̀rí sí ààyè mi. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀ òtútù yẹn, mo sọ fún un létí pé mò ń bọ̀. Èmi kì í ṣe èèyàn tó ń ṣèlérí.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo bi lèmọ́mù bóyá a lè hú òkú ìyàwó mi, kí a gbé e wá síbí. Ó ní a kì í tú òkú sílẹ̀ láìsí ìdí pàtàkì. Mo ní ṣé ẹgbẹ́ Ilé Wa kì í ṣe ìdí pàtàkì. Ó ní kí n ṣe sùúrù. Gbogbo ẹni tí ara tù ló ń ní kí n ṣe sùúrù.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A lọ ra iṣu ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Iṣu kan, owó ewúrẹ́ ayé àtijọ́. Akíntóyè wà níbẹ̀, ẹni tó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó orí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ Jámánì fún obìnrin tó ń tajà, ó bá dá sí i.

"Bàbá, ká sọ tòótọ́, àwọn Lárúbáwá yẹn ti pọ̀ jù níbẹ̀. Kì í ṣe irú yín ni àwọn ẹgbẹ́ yẹn ń bá wí."

"Akíntóyè, nígbà tí ìwọ dé Amẹ́ríkà, irú ta ni wọ́n ń bá wí?"

"Ọ̀nà tó tọ́ ni mo gbà wá, sà."

"Ìyàwó mi náà gba ọ̀nà tó tọ́. Ó ní físà. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, owó iṣu ló ń bí yín nínú."

Mo ní, "Iṣu kò tíì sọ fún mi pé kì í ṣe irú mi." Obìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá'dìí mú. Akíntóyè san owó rẹ̀, ó jáde. Kò kí mi.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Horst ló pè. Ó lọ sí ilé Salimat nígbà tí ọmọ rẹ̀ kò sí nílé, ó ní kó bá òun túmọ̀. Ó ti gbó. Irunmú rẹ̀ ti funfun tán. Ó gbé Eli sórí itan, ọmọ náà ń fà á nírunmú.

Salimat ní, "Bàbá, wọ́n ní ṣé àlàáfíà ni ẹ wà."

"Bi í pé kí ló ń wá lórí òpó."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Horst sọ̀rọ̀ gígùn. Salimat ń yan ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó ní bàbá náà sọ pé ilé iṣẹ́ ńlá ìlú wọn ti kógbá sílé, ọkọ̀ ojú irin kò dúró ní ìlú wọn mọ́, dókítà kan ṣoṣo tó kù ti lọ, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ tiwọn. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ yìí nìkan ló wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù òun, tí wọ́n bi òun pé báwo ni nǹkan.

Mo ní, "Àwa la kó dókítà lọ?"

Horst mi orí pé rárá. Ó na ìka sí mi nínú fóònù, ó sọ gbólóhùn kan.

Salimat ní, "Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀yin, Bàbá. Ẹbí ni ẹ̀yin. Àwọn yòókù ni."

"Àwọn yòókù wo?"

Salimat kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tó fi yé Horst. Ó wo ilẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ tó wà lórí itan ẹ yẹn, tó bá dàgbà tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí kò sí ẹni tó mọ bàbá bàbá rẹ̀, ṣé ẹbí ni àbí àwọn yòókù?"

Salimat kò túmọ̀ ìyẹn. Ó ní, "Bàbá, ó tó." Omi wà lójú rẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ Tahir nípa igi. Mo gbé fóònù fún Amatullah, mo jáde lọ jókòó sínú ooru.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà

Iléyá. Oko kan wà lẹ́yìn Conyers tí wọ́n ti ń ta àgbò. Tahir àti Yakub dì í mú, èmi ni mo dúńbú rẹ̀. Owó àgbò yìí tó ra ilẹ̀ ní Ìwó nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́. Tahir ní ará Amẹ́ríkà ni àgbò náà, ó ti san owó orí.

Nígbà tí a ń yan ẹ̀dọ̀, Salimat pè láti kí wa. Ó ní, "Bàbá, mo ti rí ẹni tó ń bomi rin sàréè Màmá."

Ìyá ọmọ Síríà yẹn ni. Ó máa ń wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó rí i pé bàbá onírunmú kò wá mọ́, òdòdó sì ti ń rọ. Ó bá ń bu omi sí tiwa pẹ̀lú tọmọ rẹ̀. Salimat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó má dúpẹ́, aládùúgbò ni wọ́n.

Mo ní kó bá mi kí i dáadáa.

"Bàbá, ara obìnrin náà ò yá. Jẹjẹrẹ ni. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé kò ní pẹ́. Ó ń wá ààyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀, wọ́n ní kò sí. Ògiri ló wà lápá kan. Wọ́n ní ẹnì kan ti gba apá kejì."

"Ta ló gbà á?"

Ẹ̀dọ̀ ti ń jóná. Èmi ni mo gbà á.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ Ilé Wa ló ṣíwájú ní ìlú Salimat, ó ṣíwájú ní àwọn ìlú tó yí i ká. Wọ́n fi wọ́n hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń jó, wọ́n ń da ọtí sórí ara wọn. Horst wọlé. Ìbò rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, nítorí àwọn ilẹ̀kùn.

Salimat ní obìnrin kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn, tó máa ń bá a gbé ọmọ gun òkè, rẹ́rìn-ín sí i lórí àtẹ̀gùn lónìí. Kò mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́. Ó ní ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn, pé òun ò mọ̀ mọ́.

Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ máa bọ̀ níbí. Ó ní, "Bàbá, ṣé níbẹ̀ ni wọ́n ń dúró de àlejò?" Tahir kì í wa ọkọ̀ kọjá níwájú kọ́ọ̀tù Lawrenceville mọ́, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn àlejò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ̀ pé.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ìgbìmọ̀ ìlú wọn jókòó. Wọ́n ti igun àwọn Mùsùlùmí pa. Wọ́n yọ àwọn ààyè tí ẹnì kan ti fi orúkọ gbà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú òfin náà. Horst ló dìde tó ní kí wọ́n yọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gbà fún un. Salimat ní kò sí ààyè míì tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ ní gbogbo igun yẹn. Tèmi nìkan ni.

Horst fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, èyí àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Amatullah ní kí fóònù túmọ̀ rẹ̀. Ó ní: Mo ti bá ọ dáàbò bo ààyè rẹ. Ẹbí ni wá.

Ó ń retí kí n dúpẹ́.

Ẹ̀mí mi fẹ́ dúpẹ́. Kọ ìyẹn sílẹ̀, Amatullah. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rí ara mi níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí obìnrin tó ń gbé garawa omi kiri, tí àyà rẹ̀ ń dùn ún, tó ń bomi rin òdòdó ìyàwó mi. Ààyè náà wá korò lẹ́nu mi bí oúnjẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíì fún mi.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Lónìí mo ṣe é bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é. Mo ní kí Tahir wá, kó wọ agbádá. Ó ní nínú ooru yìí. Mo ní kó wọ̀ ọ́. Mo sọ fún Salimat pé kó gbé Eli jáde, kó má sí nílé. Mo ní kí Bàbá Eli pe bàbá rẹ̀ wá, kí òun gan-an túmọ̀. Ó kọ̀ títí, ó gbà. Wọ́n jókòó sórí àga kan náà bí àwọn méjì tó ń dúró de dókítà eyín.

Tahir ló sọ̀rọ̀, èmi dákẹ́. Ó kí wọn dáadáa. Ó ní àna yín rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ sí yín nígbà kan, kò yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Horst gbọ́ ìyẹn, ó fọwọ́ sí àyà. Tahir wá ní, "Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ní Ìwó lọ́jọ́ tí ẹ wá tọrọ ìyàwó. Ṣé ẹ rántí?"

Horst ní òun rántí.

"Àna yín kò tíì béèrè ohunkóhun rí. Lónìí ó fẹ́ béèrè."

Inú Horst dùn. Ó sún mọ́ fóònù. Ó ní kí n béèrè.

Tahir ní, "Ààyè tí ẹ gbà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, kí ẹ fi fún ìyá ọmọ Síríà."

Bàbá Eli kò túmọ̀ rẹ̀. Ó wo ojú mi. Mo mi orí fún un pé kó sọ ọ́. Ó túmọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Horst ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo gbà á fún."

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí i. "Mo mọ̀. Ohun tí kì í bá ṣe tèmi, mi ò lè fi tọrẹ."

"Mo jà fún un níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Kí ni àwọn èèyàn mi máa wí?"

"Àwọn èèyàn rẹ wo? O ní ẹbí ni wá."

Ó dìde kúrò níwájú fóònù. A gbọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Eli jókòó síbẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," ní Yorùbá, ó pè é bí ọmọdé. Tahir bọ́ agbádá rẹ̀, ó béèrè omi tútù.

Yakub ló kù tó ń bínú. "Bàbá, ẹ máa fi Màmá sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àjèjì?"

Mo ní, "Ta ló ń bomi rin ín?"

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Wọ́n ń yin iná sójú ọ̀run ní gbogbo àdúgbò, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà ni. Horst kò dáhùn.

Àlàrùba, ọjọ́ kẹsàn-án

Obìnrin náà kú ní àárọ̀ òní. Salimat ní wọ́n ti gbé e sí yàrá òtútù ní ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ìlú ńlá. Ibẹ̀ jìnnà sí ọmọ náà.

Mo pe Horst fúnra mi. Kò gbé e.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Àwòrán wọlé.

Mi ò ní ìgboyà láti kọ́kọ́ wò ó. Amatullah ló sọ ohun tó rí fún mi. Mo wá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó, láàárín ìyàwó mi àti ọmọ náà. Pákó wà lórí rẹ̀. Igi kan náà ni pẹ̀lú ti ìyàwó mi, wọ́n gé etí rẹ̀ bákan náà, yípo díẹ̀ lápá ọ̀tún, nítorí ẹ̀rọ tí Horst fi ń gé e ti gbó, kò sì fẹ́ pàrọ̀ rẹ̀. Kò sí ọwọ́ míì ní ìlú yẹn tó lè ṣe irú ẹ̀.

Salimat ní Horst fúnra rẹ̀ ló lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ́ òkú. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, ẹnì kan dìde, ó pè é ní ẹrú àlejò. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára òpó, òjò ti ń bó o.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ti dárí jì í. Mi ò dárí jì í. Igun yẹn tì pa, òun ló bá wọn tì í. Ọmọ Síríà tó bá kú lọ́la kò ní rí ààyè níbẹ̀, kò sì ní sí àna tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

Mo ti ní kí Yakub wá ilẹ̀ fún mi níbí, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Conyers. Ó ní òun á wá a. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kó má bínú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ó fẹ́ràn àlejò ju bí mo ṣe fẹ́ràn wọn lọ.

Mo tún àwòrán náà wò. Pákó mẹ́ta ni. Ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rin.

Amatullah bi mí bóyá kí òun pa á rẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀.